Bí Ọlọ́run Bá Ti Mọ̀ Ọ́n Tẹ́lẹ̀, Kí Ló Kù Tí Ènìyàn Ń Yàn?

Ní ọdún 1965, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Nelson Pike, gbé ọkùnrin kan kalẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀, ó sọ ọ́ ní Jones. Iṣẹ́ tí ó yàn fún Jones kò le: kí ó gé koríko iwájú ilé rẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé. Bó bá wù ú, yóò gé e. Bí kò bá wù ú, yóò na ẹsẹ̀ sórí àga, koríko yóò sì hù dé orúnkún. Pike wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un tó da gbogbo rẹ̀ rú. Ó ní ó ti tó ọdún 80 kí Sátidé náà tó pé tí Ọlọ́run ti mọ̀ pé Jones yóò gé koríko náà. Ìmọ̀ Ọlọ́run kì í sì í ní àṣìṣe nínú. Nígbà tí ọjọ́ wá kò, ṣé Jones ṣì lè kọ̀?

Ẹ jẹ́ ká bá a rò ó. Ká ní Jones lè kọ̀. A jẹ́ pé agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti sọ ìmọ̀ Ọlọ́run di irọ́, bẹ́ẹ̀ ìmọ̀ Ọlọ́run kì í di irọ́. Tàbí kẹ̀, agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti mú kí Ọlọ́run má ti mọ ohun tí Ó ti mọ̀ láti ọdún 80 sẹ́yìn. Ta ló sì tó àná í tún ṣe? Èyí tó kù burú ju méjèèjì lọ: pé ẹni tó kàn fẹ́ gé koríko lè mú kí Ọlọ́run má sí. Kò sí ọ̀kan tó ṣeé gbà nínú wọn. Ó wá dà bíi pé Jones yóò gé koríko yẹn dandan, láìsí ẹni tó na pàṣán sí i.

Pike kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí fún lọ́fun. Cicero, agbẹjọ́rò àti olóṣèlú ará Róòmù, ti bá a jà ní ọdún 44 kí wọ́n tó bí Jésù. Ọwọ́ tí ó fi mú un kò rọ̀: bí ó bá jẹ́ pé ìmọ̀tẹ́lẹ̀ àwọn òrìṣà yóò gba àǹfààní yíyàn lọ́wọ́ ènìyàn, kí ìmọ̀tẹ́lẹ̀ náà lọ. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní àríwá Áfíríkà, bá a wí gidigidi ní èyí tó ju ọdún 400 lọ lẹ́yìn náà. Ohun tí Augustine ń sọ ni pé ìfẹ́ inú wa gan-an wà lára ohun tí Ọlọ́run mọ̀. Bí Ó bá mọ̀ pé a ó yàn, a jẹ́ pé a ó yàn nìyẹn. Ìdáhùn náà dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń jiyàn bá jẹ́ oníwàhálà, yóò ní òun kò jiyàn pé Jones yóò yàn, òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè yan òmíràn ni.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, agbo ilé kan lè ní mùsùlùmí, kristẹni àti oníṣẹ̀ṣe nínú, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má fi ẹnu kò lórí oúnjẹ ọdún, ṣùgbọ́n bí láburú bá ṣẹlẹ̀, ohùn wọn á papọ̀. Ọ̀kan á ní kádàrá ni. Ìkejì á ní kò sóhun tó ṣe Ọlọ́run ní kàyéfì. Ìkẹta á ní bí orí ṣe yàn án nìyẹn. Ohun tó yẹ ká kíyè sí ni ìgbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó ń sọ pé kádàrá ló pa ọmọ òun lójú títì Èkó sí Ìbàdàn ni ẹni náà tó wo táyà ọkọ̀ dáadáa kó tó wọ̀ ọ́ láàárọ̀. Kò sí ẹni tó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ lóru pé bí olè yóò bá wọlé, Ọlọ́run ti mọ̀.

Àwọn àgbà kì í sì í gba irú àwíjàre bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn. Olè tó bá ní ìpín òun ló ní kí òun jí ewúrẹ́ yóò rí ohun tí ojú rẹ̀ ń wá. Wọ́n sọ irú rẹ̀ nípa Zeno, ẹni tó dá ẹgbẹ́ àwọn Stoic sílẹ̀ ní Áténì. Zeno fúnra rẹ̀ gbà pé kádàrá ló ń darí ohun gbogbo. Ẹrú rẹ̀ jalè, ó nà án. Ẹrú bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé a ti kọ ọ́ mọ́ òun pé òun yóò jalè. Zeno dáhùn pé ẹgba náà wà lára ohun tí a kọ mọ́ ọn.

Ẹni tó ronú kan ọ̀rọ̀ yìí dójú àmì jù lọ, níbi tí kò ti rọrùn láti ronú ni ó ti ṣe é. Boethius ní gbogbo ohun tí ọmọ Róòmù lè fẹ́. Ó jẹ oyè kọ́ńsúlù ní ọdún 510, wọ́n sì fi oyè kan náà dá àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì lọ́lá lọ́jọ́ kan ní ọdún 522. Theodoric, ọba àwọn Goth tó ń jọba lórí Ítálì, fi í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè tó ga jù láàfin. Láìpẹ́, wọ́n fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan aṣòfin kan tó ń jẹ́ Albinus. Boethius gbèjà rẹ̀, ẹ̀sùn náà sì ràn mọ́ òun náà. Wọ́n tì í mọ́lé ní Pavia, wọ́n sì pa á ní nǹkan bí ọdún 524. Inú àtìmọ́lé yẹn ló ti kọ ìwé tí Chaucer àti Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní padà túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó yẹ kí ẹni tí ikú ń dúró dè máa bèèrè ìdí tí Ọlọ́run fi jẹ́ kí aṣebi borí. Ó bèèrè rẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé apá karùn-ún, tí í ṣe ìkẹyìn, ọ̀rọ̀ Jones ló dojú kọ.

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé a ti ṣi Ọlọ́run mú láti ìbẹ̀rẹ̀. A ń sọ̀rọ̀ bíi pé Ọlọ́run jókòó sínú àná, tí Ó ń wo ọ̀la láti òkèèrè. Boethius ní Ọlọ́run kò sí nínú àná, kò sì sí nínú ọ̀la. Gbogbo ìgbà ló wà níwájú Rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí òní ṣe wà níwájú wa. Bí ènìyàn bá rí ẹnìkan tó ń rìn lọ lójú ọ̀nà, rírí tí ó rí i kọ́ ló mú ẹni náà rìn. Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe ń rí gígé koríko Jones. Kò rí i tẹ́lẹ̀. Ó kàn ń rí i ni.

Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ Ifá kò ní ṣàìrí ibi tí èyí ti bá ti ilé pàdé. Àwọn babaláwo gbà pé Ọ̀rúnmìlà wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ń gba ìpín rẹ̀. Ẹlẹ́rìí Ìpín ni wọ́n ń pè é. Ó rí i, ó sì mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí a fi ń lọ bi í. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí i pé òun ló ba ìpín òun jẹ́. Bí ẹjọ́ bá dé ilé ẹjọ́, a kì í so ẹ̀wọ̀n mọ́ ẹlẹ́rìí lọ́rùn nítorí ó rí olè.

Bẹ́ẹ̀ síbẹ̀, ìdáhùn Boethius kò tán nílẹ̀. Ọlọ́run lè wà lẹ́yìn àkókò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Rẹ̀ a máa wọ inú àkókò wá. Lálẹ́ ọjọ́ kan báyìí, Jésù sọ fún Pétérù lójúkojú pé kí àkùkọ tó kọ, yóò sẹ́ òun nígbà mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu. Etí ti gbọ́ ọ. Ó ti di àná fún Pétérù nígbà tí ó ń yáná nínú àgbàlá olórí àlùfáà. Ṣé ó lè pa ẹnu mọ́ ní ìgbà kẹta? Ní ti òǹkọ̀wé yìí, bí a bá bi ẹni tó wà níbẹ̀ pé kí ló mú Pétérù sẹ́, kò ní ní ọ̀rọ̀ tí Jésù sọ ni. Yóò ní ẹ̀rù ni: ìránṣẹ́bìnrin kan tẹjú mọ́ ọn, ojora sì mú un. Nígbà tí àkùkọ kọ, Pétérù jáde lọ sunkún kíkorò. Ẹni tó bá gbà pé wọ́n ti fi ipá sọ ọ̀rọ̀ sí òun lẹ́nu kì í sunkún báyẹn.

William ti Ockham, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Francis ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ó ní kì í ṣe gbogbo ohun tí a ń pè ní àná ló ti parí ní àná. Ẹ gbé e wò báyìí: ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1909, wọ́n bí Pírẹ́míà àkọ́kọ́ fún Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní Ìkẹ́nnẹ́. Òótọ́ ni. Ọjọ́ tí wọ́n bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ ọ́ di òótọ́ kò sí ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ àwọn tó dìbò fún Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ló wà, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ títí di ọdún 1954 tí ó gorí oyè. Bí wọ́n bá dìbò fún ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ ọdún 1909 yẹn náà ì bá yí padà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni padà sẹ́yìn lọ tún àná ṣe. Ockham ní irú àná bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ Ọlọ́run nípa Jones. Ó ti wà láti ọjọ́ tó pẹ́, ṣùgbọ́n Sátidé ló gbé e dúró. Ọgbọ́n yìí mú òǹkọ̀wé yìí lọ́kàn ju ti Boethius lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi bẹ́ẹ̀ tu ẹnikẹ́ni nínú.

Ìtàn kan wà nínú Ìwé Sámúẹ́lì Kìíní, orí 23, tí àwọn oníwàásù kì í sábà fọwọ́ kàn, bẹ́ẹ̀ kò sí ibòmíràn nínú Bíbélì tí ọ̀rọ̀ yìí ti yọrí síta tó bẹ́ẹ̀. Dáfídì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìlú Kéílà lọ́wọ́ àwọn Fílístínì tó ń kó ọkà àwọn ará ìlú ní ilẹ̀ ìpakà. Ó wà nínú ìlú náà, ìlú olódi ni, Sọ́ọ̀lù sì ń wá ẹ̀mí rẹ̀. Dáfídì ní kí àlùfáà Abiatari gbé ẹ̀wù efodu wá, ó bi Ọlọ́run ní ìbéèrè méjì. Ṣé Sọ́ọ̀lù yóò wá? Ọlọ́run ní yóò wá. Ṣé àwọn ará Kéílà, tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sílẹ̀, yóò fa òun lé e lọ́wọ́? Ọlọ́run ní wọn yóò fà á. Dáfídì kó àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n tó 600, wọ́n sì jáde kúrò níbẹ̀. Nígbà tí Sọ́ọ̀lù gbọ́, kò wá mọ́.

Ẹ wò ó dáadáa. Ohun méjèèjì tí Ọlọ́run sọ, kò sí ọ̀kan tó ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀ Ọlọ́run kò purọ́. Ohun tí Ó mọ̀ ni ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí Dáfídì bá dúró, Ó sì jẹ́ kí Dáfídì mọ̀ ọ́n kí ó má baà dúró.

Àlùfáà ọmọ Spéìn kan, Luis de Molina, ti ẹgbẹ́ Jésúìtì, kọ́ odindi ẹ̀kọ́ sórí irú ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní Lisbon ní ọdún 1588. Ó ní yàtọ̀ sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, Ọlọ́run tún mọ ohun tí ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan yóò yàn fúnra rẹ̀ nínú gbogbo ipò tí a bá lè fi í sí. Ní Yúróòpù, ọ̀rọ̀ yìí tó ìjà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe láìkàwé kankan nìyẹn. Ẹni tó lọ sí ọ̀dọ̀ babaláwo, tí Ifá sì sọ fún un pé ikú ń bọ̀, kì í padà sílé lọ ra aṣọ òkú. Ó ń bèèrè ohun ẹbọ ni. Ó gbà pé òótọ́ ni Ifá sọ, ó sì gbà pé kò pọn dandan kí ó ṣẹ. Bẹ́ẹ̀ ni òbí tí wọ́n sọ fún pé àbíkú ni ọmọ wọn, pé ó ti dájọ́ àtilọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀run, kì í káwọ́ gbera. Wọ́n á kọ ọ́ nílà, wọ́n á sọ ọ́ ní Málọmọ́ tàbí Dúrósinmí, wọ́n á máa bẹ̀ ẹ́. Lónìí, ẹ̀jẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìjọ ní kí ọkọ àti ìyàwó àfẹ́sọ́nà lọ yẹ̀ wò kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ AS, ìdá 25 nínú 100 ni ewu pé ọmọ tí wọ́n bá bí yóò jẹ́ SS, èyí tí í ṣe àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, nínú oyún kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó ń sọ pé ìmọ̀ yìí gba òmìnira lọ́wọ́ wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá gbóná ni ọ̀run gan-an, ní ilé Ajàlá amọrí. Wándé Abímbọ́lá wà lára àwọn tó kọ ìtàn náà sílẹ̀ láti inú ẹsẹ Ifá. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta, Orísẹ́ẹ̀kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìjà, àti Àfùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, ń bọ̀ wá sáyé. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yan orí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò dúró níbì kan. Wọ́n dé ilé Ajàlá, wọn kò bá a nílé, wọ́n sì gbé orí tó wù wọ́n lójú. Orí náà kò jinná. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí ṣá, wọ́n dé ayé, wọ́n ṣiṣẹ́ títí, kò lójú. Àfùwàpẹ́ yà kí bàbá rẹ̀. Wọ́n dífá fún un, ó rú iyọ̀ àti owó, wọ́n sì ní kí ó mú díẹ̀ dání nínú wọn. Ó bá oníbodè tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó fún un ní iyọ̀, oníbodè sì sìn ín dé ilé Ajàlá. Ó bá olówó èlé tó wá sin Ajàlá lówó, tí Ajàlá sì ti gun àjà lọ sá pamọ́ sí. Ó san gbèsè náà. Ajàlá sọ̀ kalẹ̀, ó bá a yan orí tó jinná dáadáa.

A sábà máa ń fi ìtàn yìí kọ́ ọmọdé pé kí ó máa gbọ́ ti àgbà. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orísẹ́ẹ̀kú yàn, kò sẹ́ni tó fi ipá mú un, bẹ́ẹ̀ kò mọ ohun tí ó ń gbé. Orí tó jinná àti èyí tí kò jinná jọra lójú. Ṣẹ́gun Gbàdégẹṣin, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ Yorùbá tó jáde ní ọdún 1991, yẹ irú yíyàn yìí wò bóyá a lè pè é ní yíyàn rárá. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé Àfùwàpẹ́ ni ẹni tó ní ìmọ̀tẹ́lẹ̀ jù láàárín wọn, òun náà sì ni yíyàn rẹ̀ jọ yíyàn jù. Àwọn tí kò mọ nǹkan kan ni òjò pa orí wọn.

Àwọn mùsùlùmí ti jà lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ẹ̀jẹ̀ fi ta sílẹ̀. Láàárín àwọn tó ní ènìyàn ló ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ àti àwọn tó ní ènìyàn kò ju ewé tí atẹ́gùn ń gbé lọ, al-Ash'ari wá àárín gbùngbùn ní ọ̀rúndún kẹwàá: Ọlọ́run ló ń dá iṣẹ́ náà, ẹ̀dá ló ń gbà á ní tirẹ̀. Ó díjú díẹ̀. Ohun tí Umar ṣe ní nǹkan bí ọdún 639 yé ni jù ú lọ. Umar, khalífà kejì, ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáàmù. Nígbà tí ó dé Sargh, àwọn ọ̀gágun rẹ̀ pàdé rẹ̀, wọ́n ní àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ Ṣáàmù. Ó gba ìmọ̀ràn títí, àwọn sàhábà kò fẹnu kò, ó sì pinnu láti yí padà. Abu Ubaydah, olórí ọmọ ogun, bi í bóyá kádàrá Ọlọ́run ni ó ń sá fún. Umar gbà pé bẹ́ẹ̀ ni: inú kádàrá Ọlọ́run ni òun ń sá sí láti inú kádàrá Ọlọ́run. Ó bi Abu Ubaydah pé bí ó bá da ràkúnmí lọ sí àfonífojì tó ní apá méjì, ọ̀kan tútù, èkejì gbẹ, ṣé kì í ṣe kádàrá Ọlọ́run ni yóò fi jẹ̀ ní èyíkéyìí tó bá yàn? Abdur-Rahman ọmọ Awf dé lẹ́yìn náà, ó ní òun gbọ́ lẹ́nu Ànábì Muhammad pé kí ẹni tó wà lóde má wọ ìlú tí àrùn wà, kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ má sì sá jáde. Umar padà sí Mẹ̀dínà. Abu Ubaydah dúró pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, àrùn náà sì pa á.

Ìmọ̀tẹ́lẹ̀ a máa pani náà. Nínú eré The Gods Are Not to Blame tí Ọlá Rótìmí gbé jáde ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1968, gbogbo ẹni tó gbọ́ àsọtẹ́lẹ̀ ló sá fún un, sísá náà ló sì gbé wọn bá a. Òbí Ọ̀dẹ́wálé gbọ́ pé yóò pa bàbá rẹ̀, yóò sì fẹ́ ìyá rẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n lọ pa á sínú igbó. Kò kú. Nígbà tí ó dàgbà tí òun náà gbọ́, ó sá kúrò lọ́dọ̀ àwọn tí ó rò pé wọ́n bí i. Eré Gíríìkì tí Rótìmí ti yá ìtàn yìí lè mú kí ènìyàn rò pé kò sí ọ̀nà àbáyọ. Ṣùgbọ́n Rótìmí fi ohun kan sí i: ìbínú. Bàbá arúgbó kan wọ oko Ọ̀dẹ́wálé, wọ́n ń jà lórí iṣu, arúgbó náà bú ìlú rẹ̀, Ọ̀dẹ́wálé sì pa á. Kò sí Ifá tó ní kí ó bínú. Ogun abẹ́lé ń jà lọ́wọ́ ní Nàìjíríà nígbà náà, Rótìmí sì ṣàlàyé pé àwọn ìjọba ńlá ayé ni òun pè ní òrìṣà, pé kí a má di ẹ̀bi tiwa rù wọ́n.

Ohun tó wá kù tí òǹkọ̀wé yìí kò rí ojútùú sí kì í ṣe mímọ̀. Ẹni tó kàn mọ̀ kò dá ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò kàn mọ̀. Òun náà ló dá Pétérù, Òun ló dá ìránṣẹ́bìnrin tó tẹjú mọ́ ọn, Òun ló mọ iye ẹ̀rù tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rúnmìlà lè ní ẹlẹ́rìí ni òun. Ta ni yóò bá Ẹlẹ́dàá sọ bẹ́ẹ̀?

Ibi yìí gan-an ni àwọn ọ̀tá Molina ti gbá a mú. Domingo Báñez àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti inú ẹgbẹ́ Dominic ní kò sí ohun tí Ọlọ́run ń dúró wò. Ohun tí Ó bá fẹ́ kí ẹ̀dá yàn ni yóò yàn, tọkàntọkàn sì ni yóò fi yàn án. Àwọn Jésúìtì ní bí bẹ́ẹ̀ bá ni, ẹ̀ṣẹ̀ ti bọ́ sọ́rùn Ọlọ́run. Póòpù Clement Kẹjọ pe ẹjọ́ náà wá sí Róòmù, ó yan ìgbìmọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1598. Nígbà tí ó yá, òun fúnra rẹ̀ ń jókòó gbọ́ àríyànjiyàn wọn. Molina kú ní ọdún 1600, Báñez kú ní 1604, Póòpù náà kú ní 1605. Póòpù Paul Karùn-ún tẹ̀ síwájú. Ní ọdún 1607, ó tú gbogbo wọn ká: kí ìhà méjèèjì máa kọ́ni ní ohun tí wọ́n gbàgbọ́, kí ẹnikẹ́ni má pe ẹnìkejì ní aládàámọ̀, òun yóò kéde ìdájọ́ nígbà tí àkókò bá tó. Kò sí Póòpù kan tó tíì kéde rẹ̀.